Ẹ̀gbọ́n Mi Lójú Ọ̀nà Àjàṣẹ́

Òórùn kòkó tí wọ́n ń sá sínú oòrùn ló máa ń rán mi létí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Òun ló kọ́ mi ní básíkù gígùn lójú ọ̀nà oko wa ní Ararọ̀mí-Obu, nígbà tí ẹsẹ̀ mi kò tíì tó ilẹ̀ láti orí ìjókòó. Ìyá ìyá wa ti ṣòwò aṣọ dé Àjàṣẹ́ rí, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ lápá Kútọnu, ìtàn ìlú náà kò sì tán lẹ́nu rẹ̀ títí ó fi kú. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi wá jọ ṣèlérí pé lọ́jọ́ kan, a ó gun básíkù débẹ̀.

Mo ti di olùkọ́ ní Ore kí ọjọ́ náà tó sún mọ́. A fi í sí ìsinmi Kérésìmesì. Nígbà tó ku díẹ̀ ká gbéra, ó ní kòkó òun ṣì wà lórí sísá ní oko òun ní Omifunfun, òun kò lè fi í sílẹ̀, ká fi í di ọdún tó ń bọ̀. Mo sunkún. Lẹ́yìn náà mo ní màá dá lọ. Ó ní, "Obìnrin kì í dá irú ìrìn bẹ́ẹ̀ rìn." Mo lọ náà. Ẹ wo bí mo ṣe gọ̀ tó: mo tún ro púpurú, mo se ọbẹ̀ ẹja sí i, mo fi rán ọlọ́kadà sí i lóko kí ebi má baà pa á nídìí kòkó. Ọlọ́kadà gbé abọ́ padà, ó ní òun kò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Mo ní bóyá ó ti wọ igbó lọ ni.

Mo wọ mọ́tò dé Ìdìrókò, básíkù mi lórí rẹ̀, mo sùn síbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, aṣọ́bodè wo ìwé ìrìnnà mi, ó wá wo ẹ̀yìn mi bí ẹni tó ń wá ọkọ mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n kọjá. Bí mo ṣe di èrò ilẹ̀ òkèèrè nìyẹn. Ọ̀nà náà tẹ́jú, wọ́n to ìgò bẹntiróòlù sórí tábìlì lẹ́bàá títì, àwọn ènìyàn ń fi Yorùbá tó dùn létí mi bí orin kí mi. Mo ń kọrin. Ká ní mo mọ̀!

Mo kọjá Ìgólò, ìlú tó tẹ̀lé bodè, tán ni mo rí àwọn ọkùnrin kan lábẹ́ igi máńgòrò níwájú ìsọ̀ olóúnjẹ kan, wọ́n wọ aṣọ kan náà, wọ́n fi básíkù olówó ńlá ti igi. Ọ̀kan yíjú. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé ẹnì kan ti kú nílé, ẹ̀gbọ́n mi sì ń wá mi bọ̀. Mo ju básíkù sílẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi!" Mo fi Ìkálẹ̀, èdè ilé wa, bi í bóyá àlàáfíà ni wọ́n wà nílé.

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà bi í pé, "Ẹ mọra ni?"

Ó gbé oúnjẹ ẹnu rẹ̀ mì. "Ará àdúgbò wa ni, ní Ore." Ó wá kọjú sí mi, ó fi ohùn ará Èkó sọ pé, "Ẹ kú ìrìn o, mà. Ẹ rọra máa gùn ún o."

Ẹ! Èmi tó gbé pọ̀n! Ẹ̀gbọ́n kì í pe àbúrò rẹ̀ ní ẹ, àfi tó bá fẹ́ kó di àlejò.

Ìyá olóúnjẹ wò ó, ó wò mí. "Ojú yín mà jọra o."

"Ará ibì kan náà ni wá, mà," ẹ̀gbọ́n mi dáhùn, ó sì rẹ́rìn-ín.

Mo gbé básíkù mi nílẹ̀, mo gùn ún lọ. Mo sunkún débi pé n kò rí ọ̀nà dáadáa mọ́. Àwọn àgbà wa a máa sọ pé ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Mo ti máa ń rò pé àwọn tí inú wọn kò mọ́ ló máa ń pa irú òwe bẹ́ẹ̀.

Mo dé Àjàṣẹ́ kí oòrùn tó wọ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ọjà tí ìyá àgbà máa ń ròyìn, n kò sì mọ ohun tí mo wá ṣe níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi wọlé sórí fóònù mi: "Má bínú. Ẹgbẹ́ wa kì í mú obìnrin dání. Básíkù rẹ tún ti gbó, ojú ìbá tì mí." Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo forí lé Kútọnu.

Àwọn òbí wa ti bá wa parí rẹ̀ tipẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ohun tí ẹ̀gbọ́n kì í ṣe fún àbúrò, mo sì ní ó ti tán. A ń jẹun pọ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn lọ́dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n tí àlejò bá wá, ẹ̀gbọ́n mi a máa nawọ́ sí mi, a ní, "Àbúrò mi rèé! Òun nìkan ló dá gun básíkù dé Kútọnu nínú ilé wa." Inú àlejò a dùn. Èmi a dìde, màá ní mo fẹ́ lọ bu omi wá fún wọn, màá sì pẹ́ díẹ̀ nídìí àmù.