Koríko Abẹ́ Ọkọ̀

Ọ̀kadà ló dà mí nù ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà kí a tó dé Ìgbẹ́mọ, èmi àti àpò ìrẹsì kan. Orúnkún mi bó, àpò náà tú. Mo jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, mò ń ṣa ìrẹsì kúrò nínú yanrìn títí àwọn tó ń kọjá fi bá mi ṣà á. Ìyẹn kò dùn mí tó ohun tí àkọ́bí mi sọ nígbà tó gbọ́. Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe ní Adó níbí, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka ìwé jáde. Ó ní òun àti àwọn àbúrò òun yóò dáwó ra ọkọ̀ fún mi. Àbíkẹ́yìn mi obìnrin, tó jẹ́ olùkọ́, ni yóò máa fi gbé mi lọ sóko ní gbogbo Sátidé.

"Ṣùgbọ́n, Màmá, ọjọ́ tí ọkọ̀ yẹn bá fi yín sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ ó gbé oko fún ẹlòmíì, ẹ ó sì jókòó sílé."

Mo ní mo gbọ́. Oko ìrẹsì yẹn, ọwọ́ ìyá mi ni mo ti gbà á. N kò mọ bí èèyàn ṣe ń jókòó sílé. Nítorí náà ni mo ṣe sọ fún wọn pé bó bá jẹ́ pé ọkọ̀ ni yóò sọ bóyá mo ṣì ní oko, èmi ni màá fojú ara mi yan ọkọ̀ náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àkọ́bí mi ti ní èyí tó fẹ́ lọ́kàn, irú tirẹ̀, jíìpù gíga tó ń dán.

N kò mọ̀wé púpọ̀, àmọ́ mo mọ bí wọ́n ṣe ń wo nǹkan. Mo gbé àpótí ìjókòó mi, mo di ẹ̀pà sínú ọ̀rá, mo lọ jókòó sọ́dọ̀ mẹkáníìkì àgbà kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí àdúgbò Fájuyì. Mo ní kó jẹ́ kí n wo irú ọkọ̀ tó ń ṣàìsàn jù. Ó wò mí, ó ní kí n sún kúrò lójú oòrùn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi jókòó síbẹ̀. Irú ọkọ̀ kékeré kan báyìí tí àwọn olùkọ́ fẹ́ràn, òun ló ń wọlé ṣáá. Lọ́jọ́ kẹta mo dìde, mo gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára aṣọ mi.

"Mo ti rí i. Èyí tí n kò ní rà nìyẹn. Kò sí ọjọ́ tí wọn kì í gbé e wá."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé sípánà sílẹ̀. "Màmá, òun ló pọ̀ jù nígboro, báwo la ò ṣe ní máa rí i? Ẹ má wo ẹnu ọ̀nà. Ẹ wo abẹ́ wọn."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo wò. Abẹ́ àwọn kékeré yẹn mọ́, epo dúdú nìkan ló kán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọgbà, níbi tí àwọn jíìpù wà, koríko ti hù dé ara ilẹ̀kùn wọn. Adìyẹ kan ń sàba lábẹ́ ọ̀kan.

"Ibà lásán ló ń ṣe àwọn kékeré," ó ní. "Wọ́n dé láàárọ̀, wọ́n lọ lọ́sàn-án. Àwọn tẹ̀yìn yẹn, a kì í rí páàtì wọn ní Adó. Bí a bá sì rí i, ẹni tó ni ín á ní ká ṣì dúró ná kí òun wá owó rẹ̀."

Ara mi yá débi pé mo gbàgbé àpótí mi síbẹ̀.

Nígbà tí èmi àti àbíkẹ́yìn mi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta tòkunbọ̀, jíìpù pupa kan ni ọmọ mi lọ dúró tì, ó ń fọwọ́ pa á lára.

"Màmá, ẹ wo bó ṣe ń dán."

"Ta ni yóò máa bá wa ro koríko abẹ́ rẹ̀?"

Ó fọwọ́ kúrò lára jíìpù náà. Mo ti rí tèmi nígbà yẹn, kékeré, aláwọ̀ eérú. Olùtà ní àwọn kò tíì tan ẹ́ńjìnì rẹ̀ láti àná. Abẹ́ ìbòji ni gbogbo wọn wà, àwọn tó kù tutù. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì tèmi, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ọmọrí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

"Ọmọ mi, àná tìrẹ kò jìnnà rárá. A ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la wá tan án nígbà tó bá tutù. Má fọwọ́ kàn án kí n tó dé."

Ó yíjú sí ọmọ mi. "Àǹtí, ṣé ọkọ̀ ni Màmá fẹ́ rà ni, àbí wọ́n ń wá ìyàwó fún ọmọ wọn?"

"Ìyàwó lè bínú lọ sílé bàbá rẹ̀," mo ní. "Eléyìí, ulé mi ló máa gbó sí."

Kí ó tó dé lọ́jọ́ kejì, a ti wà lẹ́nu géètì rẹ̀: èmi, ọmọ mi, mẹkáníìkì mi, àti àpò ìrẹsì méjì. Bọ́nẹ́ẹ̀tì tutù bí omi àmù. Ọmọ mi yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Mo rí ara mi nílé, lórí àga, tí mò ń wo ògiri. Ó tún un yí. Ó dún, ó sì dúró lórí ohùn kan ṣoṣo, bí ẹni tó ń fi imú kọrin lẹ́nu iṣẹ́. Mẹkáníìkì dẹ etí sí i, ó tẹjú mọ́ èéfín ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní bátìrì ti gbó, ṣùgbọ́n ara ẹ́ńjìnì le. A kó ìrẹsì sí búùtù, a gun òkè, a sọ̀, a tún gùn ún. Ọkọ̀ náà kò mí hẹlẹ. Níwájú tí mo jókòó sí, ẹ̀rín kò kúrò lẹ́nu mi. Ọmọ mi ní láti ọjọ́ ìgbéyàwó òun, òun kò rí i kí n ṣe báyẹn.

Mo sọ fún olùtà pé bó bá fi bátìrì tuntun sí i, n kò ní mẹ́nu kan àná mọ́. Ó fi sí i.

Ẹ̀ẹ̀rùn méjì ti kọjá lórí ọkọ̀ náà báyìí. Tí a bá ti ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lásìkò, kì í béèrè nǹkan púpọ̀ lọ́wọ́ wa. Sátidé tó kọjá, àkọ́bí mi bá wa lọ sí Ìgbẹ́mọ. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí jíìpù rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. N kò béèrè ohun tó ń hù lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn ló jókòó sí, ó ká orúnkún mọ́ àárín àwọn àpò irúgbìn. Nígbà tí a dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí mo ti ṣubú, àkọ́bí mi na ọrùn síwájú. Mo mọ̀ pé ẹ́ńjìnì ló ń dẹtí sí. Ọkọ̀ gùn ún wẹ́rẹ́.

Nígbà tí a dókè, ó ní, "Màmá, báwo lẹ ṣe fẹ́ gbìn tó lọ́dún yìí?"

"Màá fi àkùrọ̀ ìsàlẹ̀ yẹn kún un," mo ní. "Koríko ibẹ̀ pọ̀. Mú àdá rẹ wá ní Sátidé tó ń bọ̀, ọkọ̀ mi á gbé ẹ."