Bíbupá ní Àgbàlá Àwọn Aránṣọ

Kò tíì pẹ́ tí mo jáde ní yunifásítì tí wọ́n fi mí ṣe wolé-wolé ní Port Harcourt, tí ilẹ̀ gbígbóná, ìyẹn ṣọ̀pọ̀nná, fi wọ àdúgbò Díóbù níbẹ̀. Òfin ni pé kí gbogbo ènìyàn bupá, kí a fi abẹ́rẹ́ ha oògùn sí wọn lápá kí àrùn náà má baà mú wọn. Ọ̀gá wa kó ọlọ́pàá ti ẹnu ọ̀nà àgbàlá àwọn aránṣọ ará Ògbómọ̀ṣọ́. Apá tó bá bọ́ sí wa lọ́wọ́ la ń ha.

Nígbà tí mo padà lọ wo ojú ibi tí a ha, tó yẹ kó ti wú, awọ ara wọn ń dán. Aláìsàn ilẹ̀ gbígbóná kan sì wà ní ilé kejì.

"Ọsàn wẹ́wẹ́ la fi fọ̀ ọ́ kúrò," ni Ìyá Sàláwù wí. Òun ni àgbà àgbàlá náà. Àpá ilẹ̀ gbígbóná kún ojú rẹ̀ láti èwe.

"Ìyá, ẹ̀yin tí ẹ mọ bó ṣe ń ṣeni!"

"Mo mọ̀ ọ́n. Ṣé ẹ̀yin mọ ọwọ́ tí aránṣọ fi ń yí ẹ̀rọ? Bí apá ọ̀tún bá wú, ta ni yóò rán aṣọ Kérésì? Ṣé ẹ tiẹ̀ bi wá ni?"

Ọ̀gá mi kò fẹ́ gbọ́. "Dis one no be beg-beg matter!" Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà kí n kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀ ní ìpàdé wọn.

"Apá òsì la ó ha," mo wí fún wọn. "Ẹni tó bá kọ̀, a kò ní fi ipá mú un."

Lásísì, aláwàdà wọn, nàró. "Wolé-wolé, kóńdó ò ní dé?"

"Kò ní dé."

"Ó dáa, èmi kọ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, gbogbo wọn na apá òsì, àfi òun. Láràárọ̀ ni mo ń dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ mi, tí mò ń bẹ̀ ẹ́.

"Ó di ọ̀la," ni yóò wí, yóò sì máa rán aṣọ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, n kò gbọ́ ẹ̀rọ rẹ̀.

Ilẹ̀ gbígbóná ti mú un. Kò kú, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kan fọ́. Àrùn náà kò mú ẹlòmíràn ní àgbàlá náà, ọ̀gá mi sì yìn mí. Bí mo bá pàdé Lásísì, yóò ní, "Wolé-wolé, ẹ tújú ká jàre. Èmi ni mo kọ̀."

Òótọ́ ni. Kò sì tù mí nínú rí.