Àlejò Inú Òkúta Bàbá Àkànjí

Títí dòní, àwọn ará àdúgbò Hanoukopé ṣì ń sọ̀rọ̀ ọjọ́ tí gbogbo ilé dojú bolẹ̀ nítorí àpótí omi olóògbé Bàbá Àkànjí. Àmọ́ wọn kì í sọ ọ́ bó ṣe rí. Wọ́n á ní Célestin, tíṣà ọmọ Atakpamé tó ń gbénú ilé yẹn, ló mọ ohun tó ń dún níbẹ̀. Irọ́ ńlá! Abẹ́ tábìlì ni tíṣà wà.

Ìgbà grève ńlá ọdún 1993 ni, tí gbogbo òṣìṣẹ́ yanṣẹ́ lódì. Ọjà ti dá, wọ́n ti iléèwé pa, sójà ń kiri àdúgbò. Bàbá Àkànjí, tó ń tún fíríìjì ṣe, kò ríṣẹ́ ṣe. Yovó kan, òyìnbó tó ń sá kúrò nílùú, ló fún un ní àpótí dígí ńlá kan, tòun ti omi òkun, tòun ti ẹja àti òkúta oníhò. Inú ihò yẹn làwọn àlejò tẹ́nì kan ò pè ti ń yọrí jáde: aràn onírun, akàn tí kò tó èékánná, ohun kan tó dà bí òdòdó àmọ́ tó ń jẹ ẹran.

Bàbá á kúnlẹ̀ síwájú wọn. "Bonjour o. Ọmọ ta nìwọ? Ta lo wá bá ńbí?"

Rùkáyátù ìyàwó rẹ̀ á ní, "Bàbá Nàfísátù, àbúrò mi wá níjọ́sí, ẹ ò kí i tó báyìí."

"Àbúrò ẹ, mo ti mohun tó wá ṣe. Oúnjẹ ló wá jẹ."

Lọ́sàn-án Jímọ̀ kan, àwa ará ilé gbọ́ "Tá!" Gbogbo ilé dojú bolẹ̀. "Tá!" Mùsùlùmí ń ké, Kristẹni ń ké, kẹ́nì kan tó fura pé pálọ̀ Bàbá lìbọn ti ń dún.

Célestin gbé ìwé dé. "Dígí ló fẹ́ sán. Kò sí ẹ̀dá inú omi tó lè dún báyẹn. Impossible!"

Monique onílé ní, "Papa Nàfísátù, mo fún yín dọ̀la. Tẹ́ ẹ ò bá mọ ohun tó ń dún, ẹ da gbogbo ẹ̀ sí gọ́tà."

Ojú Bàbá pọ́n. Ó fẹ́ràn àwọn ẹ̀dá rẹ̀ o, àmọ́ "impossible" yẹn ló dùn ún jù. "Tíṣà, nígbà tí fíríìjì yín dákú, ìwé lẹ kà sí i létí, àbí èmi lẹ pè?"

Ó mú tọnavíìsì gígùn tó fi ń tú fíríìjì, ó fi ìdí ẹ̀ sétí, ó fi ẹnu ẹ̀ kan dígí, bó ṣe máa ń gbọ́ àìsàn inú mọ́tò fíríìjì. Ó ń sún un díẹ̀díẹ̀. "Òkúta kẹta, lápá òsì. Ó wà nílé." Ó gbé òkúta náà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó gbọ̀n ọ́n. Edé kan bọ́ síta, kò gùn ju ìka lọ, ọwọ́ ẹ̀ kan tóbi bíi ti ẹni tó ń wá ìjà.

Célestin bú sẹ́rìn-ín. "Edé lásán! Bàbá, ẹ bu ata sí i."

Edé pa ọwọ́ ńlá yẹn dé. "Tá!"

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ tábìlì. "Tíṣà, ata ọ̀hún dà?"

Monique rẹ́rìn-ín títí gèlè ẹ̀ fi tú, àpótí sì dúró síbi tó wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí iléèwé ṣí, Célestin ń fi edé yẹn kọ́ ọmọléèwé bíi pé òun ló rí i. Ọdún mẹ́ta gbáko! Bàbá á kàn ní, "Ó ń sọ ọ́ dáadáa. Orúkọ mi nìkan ló ń fò." Bẹ́ẹ̀ ló ń sọ títí tó fi kú.

Nígbà tí wọ́n ṣàdúrà ogójì ọjọ́ tán, ohun búlúù kan rọra yọ nínú òkúta inú àpótí, ó tẹ́ bí aṣọ tó tutù. "Bàbá Nàfísátù, ẹ wá wo—" Rùkáyátù ti pè é kó tó rántí.

Célestin ló gbọ́. Ó wọlé, ó lóṣòó síwájú dígí, ó wò ó títí.

"Màmá, mi ò mọ̀ ọ́n," ó ní jẹ́jẹ́. "Edé ìjọ́sí náà, mi ò mọ̀ ọ́n. Bàbá ni wọ́n mọ̀ ọ́n. Lọ́la, màá sọ fáwọn ọmọ kíláàsì mi."

Ọdún mẹ́ta ni Rùkáyátù ti ń to èébú jọ de ọkùnrin yìí. Ó wá ọ̀kan nínú ẹ̀, kò rí. Ó fa àga sún mọ́ ọn, àwọn méjèèjì sì jókòó, wọ́n ń wo ohun búlúù náà bó ṣe ń rìn.