Ìṣọ̀kan Tá A Ṣe ní Mpape

Òórùn eruku òkúta ni Mpape máa ń rùn nígbà yẹn. Bí wọ́n bá ti fọ́ òkúta lórí òkè báyìí, eruku á bà sórí aṣọ tá a sá, á bà sínú ọbẹ̀ pàápàá. Ibẹ̀ ni mo gbé kí n tó kó wá sí Gwarinpa, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa Yorùbá àdúgbò. "Ìṣọ̀kan!" la fi ń bẹ̀rẹ̀ ìpàdé. Alága á pè é, a ó sì dáhùn pé, "Òun ló gbé wa ró!" Ọ̀rẹ́ mi, ohùn tèmi ló máa ń ga jù.

Nígbà tí àwọn ìjọba fi ọ̀dà pupa sàmì sára ilé wa pé wọ́n máa wó o, a fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kó ẹrù kúrò. A gbà pé tá a bá dúró pọ̀, apá wọn ò ní ká wa. Àmọ́ aránṣọ kan wà láàárín wa, opó ará Ògbómọ̀ṣọ́, tó ti rí ṣọ́ọ̀bù kékeré sí Utako. Lọ́jọ́ Sátidé, mo rí ọkọ̀ akẹ́rù níwájú ilé rẹ̀. Máṣíìnì mẹ́ta tó fi ń bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ kó. Mo sáré lọ bá a.

"Àǹtí, ṣé ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ yẹsẹ̀ ni?"

Ó dáhùn pé, "Akọ̀wé, ó dáa. Mi ò ní já yín kulẹ̀." Ó ní kí awakọ̀ máa lọ.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, katapílà dé. A di ara wa lọ́wọ́ mú, a tò síwájú ilé. Ẹni tó ń wà á pariwo, "Kai! Make una comot!" pé ká kúrò lọ́nà. A ò mira. Àwọn ọlọ́pàá kàn rọra tì wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni, gbogbo wa lódindi. A ṣì di ọwọ́ ara wa mú nígbà tí irin katapílà náà wọ yàrá aránṣọ, níbi tí máṣíìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú tèmi.

Kò bú mi rí. Lọ́jọ́ tó ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó ní, "Ẹ bá mi kí àwọn ará." Ìyẹn ló dùn mí jù. Ká ní mo bá a gbé máṣíìnì kan péré sínú ọkọ̀ ní Sátidé yẹn, ìyẹn náà ì bá jẹ́ ìṣọ̀kan. Ọwọ́ mi méjèèjì ló ṣófo nígbà tí mo sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.