Àwọn Lẹ́tà Màmá Nọ́ọ̀sì

Mo rántí ìgbà tí mo gbà pé kò sí iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà kò lè ṣe ju èèyàn lọ, bí ẹni tó jókòó tì í bá ti mọ ohun tó ń ṣe. Èmi ni mo jókòó tì í, nítorí náà ọkàn mi balẹ̀. Iṣẹ́ tíṣà ni mo ń ṣe nígbà náà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìsẹ́yìn. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà nínú yàrá tí kọ̀ǹpútà méje wà, tí mẹ́ta nínú wọn ń ṣiṣẹ́. Ilé tí mo gbà wà lẹ́yìn àgbàlá àwọn ahunṣọ, ìró òfì wọn ló sì máa ń jí mi láàárọ̀. Fúnra mi ni mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, orí fóònù ni mo ti kọ́ ọ kí n tó ní lápútọ́ọ̀pù, èyí sì ti jẹ́ kí n rò pé ó ku díẹ̀ kí n mọ gbogbo nǹkan tán.

Olùkọ́ obìnrin kan wà ní ilé-ẹ̀kọ́ wa tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Bàólójì. Agbẹ̀bí ni ìyá rẹ̀, ó ti fẹ̀yìntì sí Ìpàpó, Màmá Nọ́ọ̀sì sì ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ọmọ rẹ̀ yìí ló bá a ṣí ojú-ewé kan sórí ìkànnì tí èèyàn ti lè kọ lẹ́tà, tí lẹ́tà náà á sì wọ inú ímeèlì gbogbo ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan ni Màmá máa ń fi tirẹ̀ ránṣẹ́: ìtàn aláboyún kan tó bímọ sórí ọ̀kadà lọ́nà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ohun tó yẹ kí ìyá ìkókó máa jẹ, irú ibà tí kì í ṣe ibà lásán. Yorùbá ló fi ń kọ ọ́, pẹ̀lú àmì ohùn lórí gbogbo ọ̀rọ̀, bí bàbá rẹ̀ tó jẹ́ katikíìsì ṣe kọ́ ọ. Ọdún mẹ́rin ló fi ṣe é, kò yẹ ọ̀sẹ̀ kan.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, rọpárọsẹ̀ mú un. Apá ọ̀tún kò gbé mọ́, ọ̀rọ̀ sì sọnù lẹ́nu rẹ̀. Ó mọ gbogbo èèyàn, ó ń gbọ́ ohun tí à ń sọ, àmọ́ bí ó bá fẹ́ bèèrè omi, ọ̀rọ̀ mìíràn ló máa jáde, tàbí kí ohunkóhun má jáde rárá. Dókítà sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kó máa kàwé sókè lójoojúmọ́, pàápàá ohun tó bá mọ̀ dáadáa. Ó ní oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù, pé ohun tí kò bá padà nígbà náà lè má padà mọ́. Ọmọ wá rò ó pé, kí ni ìyá òun mọ̀ ju lẹ́tà ara rẹ̀ lọ? Ojú fóònù ń dá Màmá lágara, nítorí náà orí ìwé ló gbọ́dọ̀ wà, kí ó sì hàn gàdàgbà. Mo bá ọmọ náà ní yàrá àwọn tíṣà lọ́jọ́ kan, ó ń dà á kọ láti orí fóònù sínú ìwé. Lẹ́tà tó wà níbẹ̀ lé ní igba. Ó ti kọ mọ́kànlá.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ó gbé bíírò sílẹ̀, pé ọ̀sán kan ṣoṣo ni màá fi kó gbogbo rẹ̀ wá. Ó bèèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, Màmá sì mi orí pé kí n ṣe é.

Àwọn tó ń kọ kóòdù máa ń ṣe irinṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti lò lọ́fẹ̀ẹ́. Láíbúrárì ni wọ́n ń pe irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìwé kankan níbẹ̀. Mo rí ọ̀kan tí wọ́n ṣe nítorí ìkànnì tí Màmá ń lò gan-an: èèyàn á fún un ní àdírẹ́sì ojú-ewé, òun á sì lọ kó orúkọ lẹ́tà, ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ àti ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wá. Kóòdù tèmi kò ju ogún ìlà lọ. Àmọ́ nígbà tí lẹ́tà àkọ́kọ́ dé, gbogbo ibi tí àmì ohùn wà ti di àpótí kéékèèké lójú kọ̀ǹpútà mi. Dípò kí n wádìí ohun tó fà á, mo fi ìlà kan kún kóòdù náà pé kó yọ gbogbo àmì kúrò, ti orí àti ti ìsàlẹ̀. Ojú-ewé mọ́ rekete. Mo sọ lọ́kàn mi pé, ọmọ Yorùbá wo ni kò ní mọ ohun tó ń kà? Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo dì í pọ̀, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìpàpó bí ẹni tó ń gbé ẹ̀bùn lọ sáàfin.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Màmá jókòó sí, wọ́n fi ìrọ̀rí gbé apá ọ̀tún rẹ̀ ró. Ó fi ọwọ́ òsì gba ìwé náà, inú rẹ̀ dùn. Lẹ́tà àkọ́kọ́ sọ nípa obìnrin kan tó ń rọbí nígbà tí ọkọ rẹ̀ ti lọ sí oko. Ohun tó wà lórí ìwé tèmi ni “oko re lo si oko”. Màmá dé ibẹ̀, ó dúró. Ó yí ẹnu síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó padà sẹ́yìn, ó tún bẹ̀rẹ̀. Èmi tí ara mi le mọ èwo ni ọkọ, èwo ni oko, láì ronú. Àmọ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ sọnù mọ́ lọ́wọ́ kò ní ohun mìíràn tó lè dì mú ju àwọn àmì yẹn lọ, èmi sì ti gé wọn dànù. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló gbìyànjú. Lẹ́yìn náà ó pa ìwé dé, ó gbé e lé itan, ó yíjú sí ògiri.

Ọmọ rẹ̀ kò bá mi wíjọ́. Ó kàn sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, “Tíṣà, ẹ̀rù ń bà mí kí Màmá má lọ rò pé àwọn ò mọ̀wé mọ́.” Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé lọ́kàn dé Ìsẹ́yìn.

Mo yọ ìlà burúkú náà kúrò, mo wá irú ìkọ̀wé tó lè gbé àmì ohùn sórí kọ̀ǹpútà, mo sì ní kí kóòdù tún lọ kó gbogbo rẹ̀ wá. Ìkànnì náà kọ̀. Nígbà àkọ́kọ́, mo ti bèèrè ohun tó lé ní igba lẹ́tà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, inú bí mi, mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́wàá léraléra, wọ́n wá tì mí sóde pátápátá. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun a fagbára mú ní í nini lára. Ọjọ́ méjì ni mo fi ka àlàyé tí ẹni tó ṣe láíbúrárì náà kọ, èyí tó yẹ kí n ti kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ti kìlọ̀ kedere níbẹ̀ pé kí a máa sinmi láàárín lẹ́tà kan sí èkejì. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ìkànnì gbà mí wọlé. Mo ní kí kóòdù mú ọ̀kan, kó dúró díẹ̀, kó tó mú òmíràn, mo sì ń ka ọ̀kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń dé. Báyìí ni mo ṣe ka ohun tó lé ní igba lẹ́tà lórí oyún àti ìbímọ, èmi tí n kò tíì ní ìyàwó.

Ọgbọ́n àgbọ́njù ní í pa òdù ọ̀yà. Nínú lẹ́tà mìíràn, obìnrin kan tó ń rọbí sọ pé, “Mi ò le se é mọ́.” Mo rò pé Màmá ló ṣì í kọ. Mo tún un ṣe bíi ti inú ìwé: “N kò lè ṣe é mọ́.”

Nígbà tí mo padà dé Ìpàpó, Màmá kò fẹ́ gba ìwé náà. Ọmọ rẹ̀ ló ṣí i, tó rọra gbé e síwájú rẹ̀. Màmá rí àwọn àmì. Ó fi ìka òsì tọ ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì kà á pé ọkọ obìnrin náà ti lọ sí oko. Ó ń fa ọ̀rọ̀ gùn, àmọ́ ohùn rẹ̀ gòkè níbi tó yẹ, ó sọ̀ kalẹ̀ níbi tó yẹ. Ọmọ rẹ̀ kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga.

Lẹ́tà kan lójúmọ́ ló ń kà láti ọjọ́ náà, èmi náà a sì máa yà síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ó lé lóṣù kan kí ó tó kan lẹ́tà tí mo fọwọ́ kàn. Títí di ìgbà náà, yàtọ̀ sí ohun tó bá ń kà, ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì ni Màmá ń rí sọ fúnra rẹ̀. Ó kà á dé ibi ọ̀rọ̀ obìnrin náà, ó dúró, ó fi ìka lé e, ó wò mí.

“Kì í ṣe bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn,” ni Màmá wí.

Ó sọ ọ́ tán, òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ohun tó sọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Mo tọrọ àforíjì, mo sì fi bíírò dá ọ̀rọ̀ obìnrin náà padà sí bó ṣe ti ẹnu rẹ̀ jáde.

Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí. Màmá kò padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún kò kọ̀wé mọ́, bí ó bá sì rẹ̀ ẹ́, orúkọ àwọn èèyàn máa ń sá fún un. Àmọ́ ó ń sọ̀rọ̀, mo sì gbọ́ pé ó ń bá pásítọ̀ wọn jiyàn lórí ìwàásù. Láíbúrárì náà kò ṣiṣẹ́ mọ́, nítorí ìkànnì ti yí ètò inú rẹ̀ padà, ẹni tó ṣe é sì ti gbájú mọ́ nǹkan mìíràn. Èmi náà ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, kóòdù ni mo fi ń jẹun, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ sì máa ń sọ pé mo lọ́ra. N kì í bá wọn jiyàn.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, lẹ́tà kan wọ inú ímeèlì mi. Màmá ló ń sọ ọ́, ọmọ rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́: bí a ṣe ń wẹ ọmọ tuntun lásìkò ọyẹ́, kí òtútù má baà mú un. Inú ọkọ̀ ni mo wà, kò sì sí ọmọ tuntun kankan nílé mi. Mo kà á títí dé ìparí.