Ohun Tí Mo Kọ Lọ́jọ́ Tí A Yan Lọ́yà

Títí di òní, bí wọ́n bá bi mí pé ẹ̀yìn ta ni mo wà lọ́jọ́ tí a yan lọ́yà, mi ò mọ ohun tí mo máa sọ. Èmi sì ni akọ̀wé ìpàdé. Akọ̀wé tí kò mọ ohun tó kọ, ẹ ò rí nǹkan.

Káńsù wa ní Ìwó ní lọ́yà tirẹ̀, ọmọ ìlú, tó ń gba owó oṣù bíi tiwa. Ọ́fíìsì rẹ̀ kọjú sí tèmi. Mo fi ọdún díẹ̀ jù ú lọ, nítorí náà "ẹ̀gbọ́n" ló ń pè mí, a sì jọ máa ń jẹ ẹ̀wà ọ̀sán. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń kọ lẹ́tà àti ìwé àdéhùn fún káńsù láìsí ẹjọ́ gidi kan tó gbé e jáde. Nígbà tí ìdílé kan lójú ọ̀nà Kuta wá pe káńsù lẹ́jọ́ lórí ilẹ̀ tí ilé ìgbẹ̀bí wà, gbogbo wa mọ̀ pé ẹjọ́ tó máa sọ ọ́ dẹni ńlá ti dé. Bí wọ́n bá gbé e fún ẹlòmíràn, wọ́n á ní kò mọṣẹ́, ipò tó wà yẹn náà ló sì máa wà títí tó máa fi fẹ̀yìn tì.

Èèyàn méje ló jókòó láti yan ẹni tó máa gba ẹjọ́ náà rò. Àwọn kan ní kí a lọ mú agbẹjọ́rò ńlá kan wá láti Ìbàdàn. Bàbá kan tó ti ṣe tíṣà rí kọ̀ jálẹ̀. Ó ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ará Ìbàdàn wo ló fẹ́ mọ ibi tí pèrègún ààlà ilẹ̀ náà wà? Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí létí. Ìyá tó jẹ́ olórí àwọn agbẹ̀bí wá ní obìnrin tó ń rọbí kì í béèrè ìlú tí agbẹ̀bí ti wá, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ jù ni kí a mú. Ìyẹn náà tún wọ̀ mí létí. Gbogbo ẹni tó bá ti lanu ni mo ń gbà fún.

Wọ́n bi lọ́yà fúnra rẹ̀. Ó dìde, ó ní ohun tí ìgbìmọ̀ bá fẹnu kò sí ló tẹ́ òun lọ́rùn, ó sì jókòó. Èyí ló da orí mi rú jù. Ẹni tó ti ń retí ẹjọ́ láti ọdún mẹ́sàn-án, ṣé bó ṣe máa béèrè fún un nìyẹn? Inú tiẹ̀ bí mi sí i díẹ̀.

Alága wúkọ́. Ó wo òrùlé, ó ní ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀. Èmi náà mọ̀ ọ́n, n kò kàn rò ó dé ibẹ̀ ni. Ìdílé tó pè wá lẹ́jọ́ ni ìyàwó lọ́yà ti wá. Bàbá tó máa jẹ́rìí lórí ilẹ̀ náà, bàbá ìyàwó rẹ̀ gan-an ni. Níbo ni wọ́n ti ń ṣe é, kí ọkọ ọmọ dúró ṣánṣán níwájú adájọ́, kí ó máa bi àna rẹ̀ bóyá irọ́ ló ń pa? Bí ọkùnrin yìí bá dé agboolé náà, ìdọ̀bálẹ̀ ló fi ń kí wọn tọmọdé tàgbà. A kì í sì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.

Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó là á sọ. Bí a bá là á sọ, ó máa dà bíi pé a ń sọ pé lọ́yà lè ta ìlú nítorí ìyàwó, ó sì jókòó síbẹ̀. Alága kàn kọjú sí mi.

"Akọ̀wé, ti Ìbàdàn la máa mú. Ẹ mọ bí ẹ ó ṣe kọ ọ́."

Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Ohun tí ẹnu àgbà ò bá fẹ́ sọ, ọwọ́ akọ̀wé ni wọ́n máa ń jù ú sí. Mo ti bá wọn fi ọ̀rọ̀ rere bo ọ̀pọ̀ nǹkan rí. Dírẹ́bà tó ń sùn lẹ́nu iṣẹ́, mo kọ ọ́ pé ó nílò ìsinmi. Lọ́jọ́ náà, mo kọ, mo pa á rẹ́, mo tún kọ. Níkẹyìn mo kọ ọ́ pé nítorí pé iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún lọ́yà káńsù, a ó gba agbẹjọ́rò láti òde. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó dùn mọ́ mi. Mo rò pé mo ti yọ ọ̀rẹ́ mi nínú ìtìjú ni.

Agbẹjọ́rò Ìbàdàn dé, tọ̀túntòsì sì fi àdéhùn parí ẹjọ́ náà. Wọ́n fún ìdílé yẹn ní ilẹ̀ mìíràn, ilé ìgbẹ̀bí dúró síbi tó wà. Èmi àti lọ́yà ṣì jọ ń jẹ ẹ̀wà wa. Ìgbà tí ipò ọ̀gá ẹ̀ka òfin ṣófo ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó wá láti Òṣogbo ṣí fáìlì ìpàdé wa wò. Ẹlòmíràn ni wọ́n fi síbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n kà á sí mi létí," ó wí fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìkòkò ẹ̀wà wà láàárín wa. "Wọ́n ní ẹjọ́ kan ṣoṣo tó délẹ̀, iṣẹ́ pọ̀ jù fún mi."

Mo ní àṣírí ni mo fẹ́ bò. Ó bi mí pé àṣírí wo. Ó ní bí òun bá fẹnu ara òun sọ ọ́, wọ́n á ní òun ń sá fún iṣẹ́. Ìdí tí òun fi dákẹ́ nìyẹn, kí àwa lè sọ ọ́. Ó ní òfin pàápàá mọ̀ pé èèyàn kì í gba irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ rò. Ká ní mo kọ ọ́ pé àna àwọn tó pè wá lẹ́jọ́ ni òun, wọn ì bá yìn òun ni. Mo fẹ́ tún un kọ, àmọ́ alága ti fọwọ́ sí i tipẹ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, mo lọ bẹ̀ ẹ́ nílé. Ìyàwó rẹ̀ gbé omi wá, ó kúnlẹ̀ kí mi bó ṣe máa ń ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún àwọn méjèèjì pé tiwọn ni mo rò, pé mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fi ìyàwó bú ọkọ. Obìnrin náà gbọ́ ọ títí mo fi sọ ọ́ tán.

"Ẹ̀gbọ́n wa," ó ní, "ṣé ohun ìtìjú ni ilé bàbá mi ni, tí ẹ ò fi lè kọ ọ́ sínú ìwé?"

Mo ní rárá o. Ó ní ó dáa, ó dìde, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ. Ọkọ rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Ife omi náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, mi ò mọ̀ bóyá ó yẹ kí n mu ún.