Òkè Tí Kò Sí Nínú Kọ̀ǹpútà

Wọ́n fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú mọ́sálásí, lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó wá sílé wa lẹ́yìn náà láti tọrọ àforíjì. Mo fẹ́ kí ìyẹn ṣíwájú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ, nítorí òun ló gbé mi dé ìdí kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn ìràwọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Ṣáábáánì ni, oṣù tó ṣíwájú ààwẹ̀. Ní àdúgbò wa ní Lọ́kọ́jà àtijọ́, lẹ́bàá Paparáńdà, a ní àwọn àgbà tó máa ń wá oṣù. Ìlọrin ni àwọn baba bàbá mi ti wá ṣòwò níbẹ̀, wọ́n sì gbé ìṣe yìí dání wá. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, kálukú á dúró síbi tó wù ú, á kọjú síwọ̀ oòrùn. Ẹni tó bá rí oṣù tuntun á lọ jẹ́rìí lọ́dọ̀ ládàánì. Ládàánì á bi í bí ó ṣe tóbi tó, apá ibi tí ìwo rẹ̀ kọjú sí, àti ibi tí òun alára dúró sí nígbà tó rí i. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá dúró, wọ́n á kéde fún àdúgbò pé kí wọ́n palẹ̀ mọ́ fún sààrì. Bàbá mi ti ń jẹ́ irú ẹ̀rí yìí láti ìgbà tí n kò tíì dáyé.

Lọ́jọ́ yẹn, òun nìkan ló ní òun rí i. Mo wà níbẹ̀. Oúnjẹ ni mo gbé wá fún un láti ilé mi, mo sì bá wọn níwájú mọ́sálásí.

"Níbo lẹ wà, Bàbá?" ni ládàánì bi í.

Bàbá wò mí, ó sì wo ládàánì. "Nínú àgbàlá mi."

"Àgbàlá yín tó fẹ̀gbẹ́ kan tèmi?" Ládàánì yíjú sí àwọn tó yí i ká. "Èmi náà wà nínú àgbàlá tèmi o. N kò rí nǹkan kan, àfi aṣọ tí ìyàwó mi sá."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní bóyá iná orí òpó ni Bàbá rí. Òmíràn ní Wàláhì, kí àwọn ọmọ Bàbá tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Wọ́n kọ ẹ̀rí rẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àdúgbò mu ẹ̀kọ. Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, oṣù yọ, ó ga, ó sì sanra débi pé ẹni tó bá lójú á mọ̀ pé kì í ṣe òní ló dé. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu bà á.

Láti ìgbà náà, Bàbá kì í jáde wá oṣù mọ́. Bí ọjọ́ rẹ̀ bá pé, á wọ yàrá, á ti fèrèsé, á ní orí ń fọ́ òun. Ọkùnrin tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀! Nígbà tí ààwẹ̀ mìíràn ń sún mọ́, mo pinnu pé kí oṣù yẹn tó lé, wọ́n á ti máa gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ padà.

Jọ́gíráfì ni mo kà ní yunifásítì, òun náà ni mo fi ń kọ́ni. Mo mọ̀ pé ètò kan wà tí èèyàn lè gbé sórí kọ̀ǹpútà ilé, tó máa ń ya sánmà sójú rẹ̀. Èèyàn á sọ ìlú tó fẹ́ fún un, á sọ ọjọ́ àti wákàtí, ì báà jẹ́ ti ọdún tó ti kọjá. Ètò náà á sì gbé oòrùn, òṣùpá àti ìràwọ̀ sí ibi tí kálukú wọn wà nígbà náà. Mo gbé e sórí kọ̀ǹpútà wa ní Gadumo, níbi tí èmi àti ọkọ mi ń gbé, ìyọnu sì bẹ̀rẹ̀.

Lọ́kọ́jà kò sí nínú àwọn ìlú tí wọ́n tò síbẹ̀. Ìlú tí odò Ọya àti odò Bẹ́núè ti pàdé, tí gbogbo ọmọ iléèwé mọ̀! Wọ́n kọ Àbújá. Wọ́n kọ abúlé kan nílẹ̀ yìnyín tó jẹ́ pé, nígbà tí mo wá a lórí máàpù, ilé tó wà níbẹ̀ kò tó ti àdúgbò wa. Èmi fúnra mi ni mo tẹ ibi tí Lọ́kọ́jà wà lórí ilẹ̀ ayé sínú rẹ̀. Kí n tó mí dáadáa, mo rí ilẹ̀ tí wọ́n yà sábẹ́ sánmà: koríko tútù bíi kápẹ́ẹ̀tì, igi ṣóńṣó-ṣóńṣó, àti ilé kékeré kan tí èéfín ń ti orí òrùlé rẹ̀ jáde. Ta ló ń dáná lórí òrùlé ní Kogí? Iná ọba náà kò jẹ́ n gbádùn. Gbogbo ìgbà tó bá lọ tó sì padà dé, ètò yìí á ti gbàgbé Lọ́kọ́jà, á gbé mi lọ sí ìlú àwọn tó ṣe é, àfi kí n tún bẹ̀rẹ̀.

"Lọ́yà sánmà," ni ọkọ mi ń pè mí. Ọmọ Yàgbà ni, ẹ̀fẹ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. "Ta lo fẹ́ pè lẹ́jọ́ lónìí? Oòrùn àbí òṣùpá?"

"Ládàánì ni."

"Òkun o," ló wí, bí wọ́n ṣe ń kíni nílé wọn, ó sì lọ wá oúnjẹ rẹ̀ sí ilé ìdáná.

Mo dá ọjọ́ padà sí ìrọ̀lẹ́ yẹn. Oòrùn wọ̀ sẹ́yìn koríko. Mo tẹjú mọ́ ọn. Oṣù wà níbẹ̀! Ó tín-ín-rín bí èékánná tí wọ́n gé sọnù, ó ga sókè koríko tó ìwọ̀n ìkúùkù tí èèyàn bá na apá rẹ̀ síwájú. Mo pariwo débi pé ọkọ mi sá jáde tòun ti ṣíbí lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá ládàánì. Ohùn jẹ́jẹ́ ni mo fi sọ̀rọ̀, ẹ gbà mí gbọ́. Mo ní ẹ̀rí wà lọ́wọ́ mi pé oṣù wà lókè nígbà tí bàbá mi ní òun rí i, àti pé bí mo bá fi hàn án, kí ó dá bàbá mi padà sáàárín àwọn ẹlẹ́rìí, níṣojú àwọn tó fi í rẹ́rìn-ín. Ó ka tẹ̀sùbáà ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀.

"Kọ̀ǹpútà wá di ẹlẹ́rìí?"

"Kò di ẹlẹ́rìí, Àlùfáà. Ibi tí oṣù wà ló kàn ń sọ."

"Ó dáa. Gbé e wá lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Bó bá rí bí o ṣe wí, n ó pè wọ́n jọ."

Ìbínú tí mo ń bá koríko òyìnbó yẹn bí ló kó bá mi. N kò fẹ́ kí ládàánì rí i kí ó tún fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀. Ètò náà sì gba èèyàn láàyè láti yọ ilẹ̀ tí wọ́n yà sí i, kí ó fi àwòrán ilẹ̀ tirẹ̀ rọ́pò. Mo lọ sí àgbàlá Bàbá lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mo fi fóònù ya gbogbo àyíká láti ibi tí àga rẹ̀ máa ń wà, mo sì na apá, mo fi ìkúùkù wọn gíga ohun tó wà níwọ̀ oòrùn. Òkè Pátì ló wà níwọ̀ oòrùn.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ ìlú wa. Òkè yẹn dúró gbọọrọ sẹ́yìn wa bí ògiri, odò sì wà níwájú wa. Àwa tí wọ́n bí sábẹ́ rẹ̀ kì í kà á sí ohun tó dí wa lójú. Lójú tiwa, orí òkè ni sánmà ti bẹ̀rẹ̀. Bí oòrùn bá wọ ẹ̀yìn rẹ̀, a ní oòrùn ti wọ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ oòrùn ṣì wà lókè fún àwọn tó wà lódìkejì. Èmi tí mo ń kọ́ni ní jọ́gíráfì, èmi tí mo ka gbogbo àbùkù ètò yẹn tán, kò sọ sí mi lọ́kàn pé òkè wa kò sí nínú kọ̀ǹpútà.

Mo fi òkè náà sí i. Ó bo koríko, ó bo ilé eléèéfín, ó bo oṣù. Mo dá ọjọ́ padà, mo sún wákàtí síwá, mo sún un sẹ́yìn. Nígbà tí oṣù ṣì wà lókè òkè, ìmọ́lẹ̀ sánmà pọ̀ jù fún ojú èèyàn láti rí i. Nígbà tí sánmà wá ṣókùnkùn tó, oṣù ti wọ ẹ̀yìn òkè. Ẹni tó bá dúró nínú àgbàlá bàbá mi lọ́jọ́ yẹn, ojú rẹ̀ ì báà mú bíi ti àwòdì, kò lè rí i.

Mo pa kọ̀ǹpútà. Ohun tí mo rò nípa bàbá mi lákòókò náà, n kò ní í kọ ọ́ síhìn-ín.

Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe ẹni tó ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Mo tún tan kọ̀ǹpútà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e kiri ìlú, bí ẹni ń sún ọmọ ayò. Mo gbé e lọ sí Felele, mo gbé e lọ sí ọjà, mo gbé e dé etí omi, mo sì ń ṣírò bí òkè ṣe máa ga tó níbi kọ̀ọ̀kan. Bí mo ṣe ń gbé e jìnnà sí òkè ni òkè ń relẹ̀, ṣùgbọ́n kò relẹ̀ tó. Ìgbà tí mo gbé e dé àárín odò, lórí iyanrìn tó máa ń yọ síta bí omi bá fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ni òkè tó bọ́ sábẹ́ oṣù.

Mo gbé kọ̀ǹpútà lọ bá Bàbá.

"Bàbá, níbo lẹ wà lọ́jọ́ tí ẹ rí oṣù?"

"Wọ́n ti bi mí. Mo ti fèsì."

"Èmi ni mò ń bi yín báyìí."

Ó wo ohun tó wà lórí itan mi. "Kí ni ìyẹn wí?"

"Ó ní òkè bò ó. Ó ní àfi ẹni tó bá wà lórí iyanrìn àárín odò."

Ó rẹ́rìn-ín sínú. "Ṣé ó ya ọkọ̀ tó gbé mi náà?"

Ó ní ibẹ̀ ni àwọn ti máa ń wò ó nígbà tí ara wọn ṣì le, kí àwọn ẹgbẹ́ òun tó kú tán, kí àwọn tó kù tó máa wá oṣù láti ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Apẹja kan ló bá a wa ọkọ̀ lọ, ó sì wà á padà.

"Kí ló wá dé tí ẹ ní àgbàlá?"

"Ta ló ní n kò gbọdọ̀ dé etí omi mọ́? Ta ló ní ẹni tó bá gbé mi wọkọ̀, òun àti olúwa rẹ̀ á jọ dé àgọ́ ọlọ́pàá? Tísà, o dúró lẹ́yìn ládàánì lọ́jọ́ yẹn, o ranjú mọ́ mi."

Lóòótọ́ ni. Ó ti yọ̀ ṣubú rí létí odò, ìbàdí rẹ̀ wú, èmi ni mo sì ṣòfin náà. Mo ní kò burú, kí ó jẹ́ kí n lọ ṣàlàyé fún ládàánì.

"Rárá. Bí wọ́n bá ní ojú mi ti fọ́, Ọlọ́run ló ni ojú. Ṣùgbọ́n mo dúró níwájú wọn, mo jẹ́rìí, mo sì parọ́ ibi tí mo wà. Kò yẹ kí ládàánì gba irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Ó ṣe dáadáa bó ṣe kọ̀ ọ́, bí kò tiẹ̀ mọ ìdí tó fi dáa."

Mo gbé kọ̀ǹpútà mi padà sí Gadumo. Fún ọjọ́ mélòó kan, n kò mọ ẹni tí n ó bínú sí. Ẹ̀rín tí wọ́n fi í rín kò dáa, n kò yí ọ̀rọ̀ mi padà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n òfin tèmi ló sọ olóòótọ́ di ẹni tó ń wá ibi fara pamọ́ sí, àánú rẹ̀ ni mo sì fi ṣe é. Bàbá wá gbà kí wọ́n máa pe òun ní afọ́jú ju kí wọ́n pe òun ní òpùrọ́ lọ. Ọ̀nà wo ni n ó gbà fi ìyẹn sun ẹnikẹ́ni?

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo kọjá sọ́dọ̀ rẹ̀ láti sọ fún un pé n ó lọ fagi lé ìpàdé wa pẹ̀lú ládàánì. Mo bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó ti dé fìlà.

"Gbé ẹrù rẹ. A jọ ń lọ ni."

Lẹ́yìn ìrun Àsárì, mo ṣí kọ̀ǹpútà níwájú ládàánì. Ó tẹ̀ síwájú, ó wò ó. Ó mọ òkè náà lójú ẹsẹ̀, inú rẹ̀ dùn bí ẹni rí fọ́tò ara rẹ̀. "Oṣù dà?"

"Ó wà lẹ́yìn òkè," ni mo wí.

"Kò sẹ́ni tó lè rí i nígbà náà."

"N kò sí nínú àgbàlá," ni Bàbá sọ. Ó dìde dúró kó tó sọ ọ́. "Orí iyanrìn ni mo wà. Mo parọ́, nítorí ẹ̀rù ọmọ yìí ń bà mí."

Ládàánì wò mí, ó sì tún wò ó. "Èmi náà, ó ti ń bà mí láti ọjọ́ tó ti wá bá mi." Ẹ̀rín kékeré yọ lẹ́nu rẹ̀, kò pẹ́ níbẹ̀. "Bàbá, n kò lè gba ẹ̀rí yẹn mọ́."

"Mo mọ̀."

"Ẹ forí jì wá lórí ọ̀rọ̀ ojú yẹn." Ó tún wo òkè inú kọ̀ǹpútà. "Ti ọdún yìí ńkọ́? Ibo ni iyanrìn yẹn wà gan-an?"

Báyìí ni a ṣe wọkọ̀ nígbà tí ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n pé: ládàánì, Bàbá, àgbà méjì, àti èmi. Mo wọ ẹ̀wù ojú omi tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì fún Bàbá, mo so ó le. Ó ní mo ti sọ òun di ẹrù ọjà, ṣùgbọ́n kò tú u. Lórí iyanrìn, òkè jìnnà, ó relẹ̀ bí ẹni tó jókòó. Oòrùn wọ̀. A tẹjú mọ́ ìwọ̀ oòrùn. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà nawọ́, ó ní òun rí i, ó wà lọ́hùn-ún, lápá òsì!

Ládàánì kò wo ibi tó nawọ́ sí. Bàbá ló yíjú sí. "Ẹ rí i, Bàbá?"

Bàbá pa ojú dé díẹ̀, ó la á, ó wò ó títí. "Ìkùukùu ni. N kò rí oṣù."

Ládàánì mú fóònù, ó pe mọ́sálásí. "Kò lé lọ́dọ̀ wa. Bàbá ti wò ó." Kò ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nínú ọkọ̀, Bàbá forí sún mọ́ mi. "Kọ̀ǹpútà rẹ ńkọ́? Kí ló wí nípa ti òní?"

Mo ti wò ó lọ́sàn-án. Ó ní oṣù á ti wọ̀ kí oòrùn tó wọ̀.

"N kò wò ó, Bàbá," ni mo wí.

Ó wojú mi fún ìgbà díẹ̀, ó sì ki ọwọ́ rẹ̀ bọ odò, ó jẹ́ kí omi máa gba àárín ìka rẹ̀ kọjá títí a fi gúnlẹ̀.